Lẹ́tà àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀: ohun tí ẹ ń bèèrè àti ìdáhùn mi

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ ojú George Washington lára owó dọ́là, àmọ́ wọn ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Inú lẹ́tà ni ohùn yẹn wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka lẹ́tà òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí.

Àwọn wo gan-an là ń sọ, ìgbà wo sì ni?

Àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ láti ọdún 1775, nígbà tí ìpínlẹ̀ 13 tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn sí i, títí di ọdún 1826 tí méjì nínú àgbà wọn kú lọ́jọ́ kan náà. Nínú àwọn olóṣèlú, John Adams wà níbẹ̀, àti Thomas Jefferson, Alexander Hamilton, James Madison, pẹ̀lú Benjamin Franklin tó dàgbà jù wọ́n lọ. Nínú àwọn jagunjagun, Henry Knox wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta ìwé ní Boston kó tó di ọ̀gá àwọn alágbá. Nathanael Greene náà wà, àti Lafayette, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó sọdá òkun wá jà nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 19. Benedict Arnold sì ń bẹ, tí orúkọ rẹ̀ ti di èébú lẹ́nu àwọn ará ilé rẹ̀ títí dòní. Ẹsẹ̀ Washington wà níhà méjèèjì. Ọ̀gágun ló kọ́kọ́ jẹ́, kó tó wá jẹ ààrẹ láti 1789 sí 1797.

Kí ló dé tí wọ́n fi kọ lẹ́tà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Kò sí ọ̀nà mìíràn ni. Ọmọ ogun wà lórí òkè kan ní Pennsylvania, àwọn aṣòfin tó yẹ kó fún wọn lówó oúnjẹ sì wà ní ìlú mìíràn. Ọkọ wà ní Philadelphia, ìyàwó wà lóko ní Braintree ní Massachusetts. Ohun tí o bá fẹ́ kí ẹnì kejì rẹ mọ̀, àfi kó o kọ ọ́. Jefferson nìkan kọ nǹkan bí 19,000 lẹ́tà. Nígbà tó dàgbà, ọjọ́ kan ló ṣàdédé ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ó jẹ́ 1,267. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń bèèrè èsì, ó sì ráhùn fún Adams pé ṣé ayé ni òun ń jẹ yìí.

Ìdí mìíràn tún wà. Wọ́n mọ̀ pé a máa wá kà á. Lọ́dún 1781, nígbà tí ogun ò tíì parí, Washington gba àyè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, ó gba Richard Varick síṣẹ́ pẹ̀lú àwọn akọ̀wé, pé kí wọ́n jókòó da gbogbo ìwé òun kọ ní ẹ̀dà tó mọ́. Iṣẹ́ náà gbà wọ́n ju ọdún méjì lọ, ó sì kún ìwé ńlá 44. Ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá òun máa ṣẹ́gun tàbí wọ́n máa so òun rọ̀ ti ń tọ́jú ẹ̀rí sílẹ̀ fún wa.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, báwo ló sì ṣe ń dé?

Ìyẹ́ ẹyẹ ni gègé wọn. Wọ́n á fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ ẹ lẹ́nu, wọ́n á là á díẹ̀ kí yíǹkì lè máa sàn, bó bá sì kú wọ́n á tún un gbẹ́. Dúdú ni yíǹkì yẹn nígbà tí wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n irin wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ti di àwọ̀ ilẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò sí àpòòwé. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ká lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin títí yóò fi di pálí kékeré, wọ́n á yọ́ ìda pupa sí ibi tí etí rẹ̀ ti pàdé, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ lé e, wọ́n á wá kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n bá já èdìdì yẹn, ìwé sábà máa ń ya. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì fi máa ń sọnù létí lẹ́tà àtijọ́, tí ẹ óò rí i pé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde fi àlàfo síbẹ̀.

Ẹni tí lẹ́tà dé bá ló sábà ń sanwó rẹ̀, torí sítáǹpù ìjọba kò dé Amẹ́ríkà títí di ọdún 1847. Iye abala ìwé àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni wọ́n fi ń ka owó náà. Àwọn ìjòyè ìjọba nìkan ló ń fi orúkọ wọn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Franklin, tó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ fún Kọ́ńgírésì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin wọn, lọ́dún 1775, mọ bí wọ́n ṣe ń lo àǹfààní yìí: dípò kó kọ pé lẹ́tà yìí lọ́fẹ̀ẹ́, kó wá kọ orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó mú ọ̀rọ̀ náà wọ àárín orúkọ ara rẹ̀, ó ń kọ «B. Free Franklin». Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọ̀fẹ́ nínú èdè wọn ló túmọ̀ sí òmìnira. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tó bá rí i á mọ ohun tí baba yẹn ń sọ.

Ti Jefferson yàtọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ ní Paris lọ́dún 1786, kò sì tò dáadáa mọ́ títí tó fi kú. Síbẹ̀ kò fẹ́ kí lẹ́tà kan jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láìní ẹ̀dà. Láti ọdún 1804 ló ti ń lo ẹ̀rọ onígègé méjì kan: ó ń fi ọ̀kan kọ̀wé, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó so wọ́n pọ̀ sì ń gbé èkejì kọ ohun kan náà sórí ìwé mìíràn. Ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ lónìí, ara gègé kejì yẹn la ti rí i.

Lẹ́tà wo ló jẹ́ kí èèyàn mọ ohun tí ojú àwọn ọmọ ogun rí?

Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan, èyí tí Washington kọ sí Henry Laurens, ààrẹ Kọ́ńgírésì, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1777 ni màá mú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Valley Forge ni, àgọ́ tí wọ́n fẹ́ lo ìgbà òtútù sí ní Pennsylvania. Òtútù ti wọlé, ahéré tí wọ́n máa sùn sí ò tíì parí. Ó ní bí ìyípadà ò bá tètè dé, ohun mẹ́ta ló kù fún ẹgbẹ́ ogun òun: kí ebi pa wọ́n, kí wọ́n tú, tàbí kí wọ́n fọ́n ká lọ wá jíjẹ. Ó wá ka iye fún un. Ọkùnrin 2,898 ló wà nínú àgọ́ tí wọn ò lè ṣiṣẹ́ ogun, nítorí pé wọn ò ní bàtà lẹ́sẹ̀, wọn ò sì láṣọ lára.

Ẹ tún nọ́ńbà yẹn wò. Kò kọ «nǹkan bí 3,000». Ẹnì kan ti rìn yí àgọ́ ká nínú òtútù, ó ti ka ẹsẹ̀ lásán níkọ̀ọ̀kan.

Níwájú díẹ̀ nínú lẹ́tà kan náà, inú bí i. Àwọn aṣòfin Pennsylvania ti ń ṣàríwísí pé kí ló dé tó fi kó ọmọ ogun lọ síbi ìsinmi nígbà òtútù, tí kò jà. Ó ní ó rọrùn kí èèyàn máa ṣe irú àríwísí bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tó dára, lẹ́bàá iná, ju kó wà lórí òkè tútù, kó máa sùn lábẹ́ yìnyín láìsí aṣọ àti kúbùsù lọ. Ó fi kún un pé bí àwọn aṣòfin yẹn ò tilẹ̀ káàánú àwọn ọmọ ogun náà, òun káàánú wọn gan-an, láti ọkàn òun wá. Èmi gbà á gbọ́. Ẹni tí kò káàánú kì í kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ni àṣẹ lórí rẹ̀.

Ti Greene kúrú, ó sì dùn mọ́ mi. Ní gúúsù ló ti ń jà lọ́dún 1781, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń lé e láti pápá ogun kan dé èkejì. Ó kọ̀wé sí ikọ̀ ọba Faransé pé: a ń jà, wọ́n ń nà wá, a ń dìde, a tún ń jà.

Ìtàn jígí ojú Washington yẹn ńkọ́, ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, lẹ́tà ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1783, ogun ti ń lọ sópin, ṣùgbọ́n wọn ò tíì sanwó àwọn ọ̀gá ológun tó wà ní Newburgh ní New York. Ìwé kan tí kò ní orúkọ wá ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú àgọ́, pé kí wọ́n má tú ká, kí wọ́n fi ìbọn dẹ́rù ba àwọn aṣòfin. Lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé John Armstrong kékeré ló kọ ọ́. Washington wọlé tọ̀ wọ́n lọ ní ọjọ́ 15, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ojú wọn le sí i. Ó wá yọ lẹ́tà tí aṣòfin kan láti Virginia kọ sí i, pé òun fẹ́ kà á fún wọn. Kò rí i kà. Ó wá jígí nínú àpò, ó fi sójú, ó sì ní kí wọ́n má bínú, pé irun òun nìkan kọ́ ló funfun lẹ́nu iṣẹ́ ìlú, ojú òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò rí i pẹ̀lú jígí rí. Àwọn ọkùnrin tó ti jagun fún ọdún mẹ́jọ sunkún. Ọ̀tẹ̀ náà kú síbẹ̀.

Ṣé àwọn ọ̀tá kì í já lẹ́tà wọn gbà lọ́nà?

Wọ́n ń já a gbà dáadáa. Àwa tí àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́, tí owó ẹyọ àti ìyẹ́ máa ń sọ ohun tí ẹnu ò gbọ́dọ̀ sọ, a tètè lóye ohun tí wọ́n ṣe sí i. Benjamin Tallmadge ló ń darí àwọn amí Washington ní agbègbè New York. Ó ṣe ìwé kékeré kan tí nọ́ńbà dúró fún ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. 711 ni Washington, 727 ni ìlú New York. Ẹni tó bá gbà á lójú ọ̀nà láìní ìwé náà kàn máa rí ìṣírò ni. Wọ́n tún ní oje kan tí James Jay ṣe. Bí wọ́n bá fi kọ̀wé, kò hàn rárá, àfi tí ẹni tó gbà á bá fi oje mìíràn pa á. Washington fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn pé kí wọ́n má fi ìwé òfìfo ránṣẹ́, torí òfìfo ló ń fa ìfura. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ilé lásán, kí wọ́n wá fi oje náà kọ ọ̀rọ̀ gidi sáàárín ìlà.

Ibi tí àṣírí ti tú jù ni ti Arnold. Ọ̀gágun tó ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún Amẹ́ríkà ni, àmọ́ ó fẹ́ ta odi West Point fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1780, ọkùnrin mẹ́ta dá John André, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tó wọ aṣọ ará ìlú, dúró nítòsí Tarrytown. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti bá ìwé, ìkọ̀wé ọwọ́ Arnold. Arnold sá lọ bá ọ̀tá. Wọ́n so André rọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín Adams àti Jefferson gan-an?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Wọ́n jọ wà nínú ìgbìmọ̀ ẹni márùn-ún tó kọ Ìkéde Òmìnira lọ́dún 1776, ìwé tí wọ́n fi sọ pé àwọn ti kúrò lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n jọ ṣe ikọ̀ ní Yúróòpù. Òṣèlú ló dà wọ́n rú. Adams fi ìbò mẹ́ta péré ju Jefferson lọ ní 1796, Jefferson sì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìdìbò ọdún 1800. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ búra fún Jefferson, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí Adams ti gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kúrò ní ìlú. Lẹ́yìn lẹ́tà kúkúrú kan ní oṣù Kẹta ọdún 1801, ọdún mẹ́wàá ó lé, Adams ò kọ̀wé sí i.

Dókítà Benjamin Rush, ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì, ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1809 ó kọ̀wé sí Adams pé òun lá àlá kan, nínú àlá náà Adams kọ̀wé sí Jefferson, wọ́n sì parí ìjà. Àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ bíi pé oorun ló sọ ọ́ fún un. Ó gba ọdún méjì ó lé kí àlá yẹn tó ṣẹ. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1812, Adams kọ ìwé kékeré kan, ó kí Jefferson kú ọdún, ó ní òun fi aṣọ òfì méjì tí wọ́n hun nílé àwọn ránṣẹ́ sí i.

Lẹ́tà yẹn ṣáájú ẹrù dé. Jefferson gbà pé aṣọ ni lóòótọ́, ó bá jókòó, ó kọ èsì gígùn nípa bí àwọn ará Virginia ṣe ń rànwú tí wọ́n sì ń hunṣọ nílé wọn. Nígbà tí ẹrù wá dé, ìwé ni. Apá méjì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí John Quincy, ọmọ Adams, ṣe ní Harvard ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ẹni, ohun tí wọ́n hun nílé lóòótọ́ nìyẹn. Ẹ wo bí baba yẹn ṣe ń yangàn láìdárúkọ ọmọ.

Láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú, lẹ́tà 158 ló kọjá láàárín wọn, Adams kọ 109, Jefferson kọ 49. Adams ò tìtorí pé tòun pọ̀ jù dáwọ́ dúró. Lọ́dún 1813 ló kọ gbólóhùn tó máa ń bá mi lára mu jù: pé kò yẹ kí èmi àti ìwọ kú láìjẹ́ pé a ti ṣàlàyé ara wa fún ara wa. Wọ́n sì ṣàlàyé ara wọn lóòótọ́: ẹ̀sìn, ọjọ́ ogbó, ìwé, ikú ìyàwó. Àwọn méjèèjì kú ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1826, àádọ́ta ọdún gééré lẹ́yìn Ìkéde Òmìnira. Adams jẹ́ ẹni 90 ọdún, Jefferson jẹ́ 83.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Abigail Adams ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1776 ló kọ sí ọkọ rẹ̀ pé nínú òfin tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n rántí àwọn obìnrin, kí wọ́n má fi gbogbo agbára lé ọkọ lọ́wọ́. John fi rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ẹ ka èsì rẹ̀ náà, kí ẹ rí ibi tí ọlọ́gbọ́n ti kùnà.

Ti Martha Washington dùn mí. Kó tó kú lọ́dún 1802, ó ti sun àwọn lẹ́tà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ síra wọn. Díẹ̀ péré ló bọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí Washington kọ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1775, tó ń sọ fún un pé wọ́n ti fi òun jẹ olórí ogun, pé òun ò wá ipò náà, àti pé ìdánìkanwà tó máa bá a nílé ló ń dun òun jù. Mi ò dá Martha lẹ́bi. Gbogbo ayé ló ti gba ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí nǹkan kan ṣẹ́ kù fún un.

Ṣé àwọn aláwọ̀ dúdú kọ lẹ́tà sí wọn?

Wọ́n kọ ọ́, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ díẹ̀.

Wọ́n jí Phillis Wheatley kó ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì tà á ní Boston lọ́dún 1761, nígbà tó tó ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Nígbà tó fi máa di 1773, wọ́n ti tẹ ìwé ewì rẹ̀ ní London. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1775 ó fi ewì ránṣẹ́ sí Washington. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1776 ni Washington fèsì, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé èsì òun pẹ́, ó ní bó bá wá sí Cambridge inú òun máa dùn láti rí i. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà yẹn pé òun ni ìránṣẹ́ rẹ̀ tó ń tẹrí ba. Nílé rẹ̀ ní Mount Vernon ní wákàtí yẹn gan-an, ẹrú ló ń ro oko rẹ̀.

Òmìnira ni wọ́n bí Benjamin Banneker sí ní Maryland, ó mọ ìràwọ̀, ó sì mọ ìṣírò. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 1791, ó kọ̀wé sí Jefferson, ó da ọ̀rọ̀ ẹnu Jefferson padà fún un: ìwọ lo kọ ọ́ sínú Ìkéde Òmìnira pé dọ́gbadọ́gba ni a dá gbogbo èèyàn, báwo lo ṣe wá ń fi agbára mú àwọn ará mi ní ìgbèkùn? Jefferson fèsì láàárín ọjọ́ 11, èsì náà sì ní ọ̀wọ̀. Ó ní òun ti fi ìwé kàlẹ́ńdà ìràwọ̀ tó ṣe ránṣẹ́ sí Paris. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Lọ́dún 1809, lẹ́yìn tí Banneker ti kú, Jefferson kọ̀wé sí akéwì kan, Joel Barlow, pé lẹ́tà ọkùnrin náà fi hàn pé làákàyè rẹ̀ ò ju ti ẹni lásán lọ. Ẹ fi lẹ́tà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èyí tó kọ sí ojú àti èyí tó kọ sí ẹ̀yìn, ọwọ́ kan náà ni.

Ẹnì kẹta ni Ona Judge, ẹrú tó ń bá Martha múra. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1796 ló jáde nílé ààrẹ ní Philadelphia nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Portsmouth ní New Hampshire. Washington, ààrẹ orílẹ̀-èdè, kọ lẹ́tà sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n bá òun mú un padà. Joseph Whipple, tó wà ní Portsmouth, fèsì pé òun ti bá a sọ̀rọ̀: yóò padà bí wọ́n bá ṣèlérí pé yóò gba òmìnira lẹ́yìn ikú wọn. Washington kọ̀, ó ní òun ò lè bá a dúnàádúrà. Ona náà kò padà. Ó kú sí New Hampshire lọ́dún 1848. Nínú ìwé ogún rẹ̀, Washington dá àwọn ẹrú 123 tó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ona kò sí lára wọn, torí ogún ọkọ àkọ́kọ́ Martha ni wọ́n kà á sí.

Ṣé lẹ́tà ló pa Hamilton?

Ìbọn ló pa á, àmọ́ lẹ́tà ló gbé e dé ibẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ní Albany tẹ lẹ́tà kan jáde pé Hamilton sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa nípa Aaron Burr, igbákejì ààrẹ. Burr kọ̀wé ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1804 pé kó ṣàlàyé. Hamilton, lọ́yà ni, ó fèsì bíi lọ́yà, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Burr bínú sí i. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje wọ́n yìnbọn síra wọn ní Weehawken, Hamilton kú lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá ka àwọn lẹ́tà náà tẹ̀ léra, ẹ óò rí ibi mẹ́ta ó kéré tán tí «ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú» ì bá ti parí rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi purọ́ mọ́ wọn?

Ayédèrú ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà ogun, wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde ní London pé Washington ló kọ wọ́n, pé wọ́n bá wọn lọ́wọ́ Billy, ẹrú rẹ̀, nígbà tí ọ̀tá mú un. Washington kò dá wọn lóhùn ní gbangba títí di oṣù Kẹta ọdún 1797, bó ṣe ń fi ipò sílẹ̀. Ìgbà náà ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n, àti pé ọ̀tá ò mú Billy rí lọ́jọ́ kan. Lóde òní, bí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ Jefferson ránṣẹ́ sí yín lórí Facebook, ẹ bi í: ta ló kọ ọ́ sí? Ọjọ́ wo? Lẹ́tà gidi máa ń ní méjèèjì.

Níbo ni mo ti lè kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́?

Lórí Founders Online, tí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà ṣí lọ́dún 2013. Ju 180,000 ìwé ló wà níbẹ̀, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí, àti ọdún. Fún àwòrán ìwé náà gan-an, ẹ lọ sórí ìkànnì Library of Congress fún ti Washington àti Jefferson, àti ti Massachusetts Historical Society fún ti ìdílé Adams. Bí ẹ bá rí lẹ́tà tó jọ «f» níbi tó yẹ kí «s» wà, «s» ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà nìyẹn, ojú yín á mọ́ ọn lára láàárín ọjọ́ méjì.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ti ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1777, kí ẹ sì ka èyí tí Whipple kọ nípa Ona Judge tẹ̀ lé e.